Ògiri, Ọwọ́ àti Orúkọ: Ìtàn Bọ́ọ̀lù Àfọwọ́gbá láti Katsina dé Ilẹ̀ Basque

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayò, kì í sì í ṣe ẹkẹ tí àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní Ẹdẹ tí mo gbé dàgbà, ògiri gígùn kan wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa tí kò ní fèrèsé kankan. Bí aago ìsinmi bá ti lù, ibẹ̀ ni à ń sáré lọ. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí irun ara rẹ̀ ti re tán ni à ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mọ́ ògiri náà. Bí ó bá ta padà, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbá a kí ó tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ yóò bọ́ síta. A kò fún eré náà lórúkọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ògiri" ni à ń wí, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tí ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná kí ó tó fẹ̀yìn tì wálé, ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn àgbàlagbà, àní àwọn ìjòyè pàápàá, ń gbá irú bọ́ọ̀lù yìí ní Òkè Ọya. Mo rò pé bàbá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó rí i kà pé òótọ́ pọ́nńbélé ni.

Fives ni orúkọ eré náà. Ní ilé-ìwé Eton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Ọba Henry Kẹfà dá sílẹ̀ ní ọdún 1440, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ara ògiri ilé ìjọ́sìn wọn, níbi tí àtẹ̀gùn ilé náà ti yọrí síta, tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀lù tó bá kàn án kò fi ní sọ ibi tí yóò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1877, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ A. C. Ainger àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ òfin eré náà sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ògiri mìíràn fún eré náà pẹ̀lú. Wọn kò mú gọ́nọgọ̀nọ̀ inú rẹ̀ kúrò o! Bí ti àtijọ́ ti rí gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ tuntun, tòun ti ìyọrí àti ìdẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni méjì ni ń bá ẹni méjì gbá a, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn lọ́wọ́ méjèèjì, láìsí pátákó, láìsí rákẹ́ẹ̀tì.

Ohun méjì nínú òfin yìí ni mo fẹ́ràn. Ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ eré kò gbọdọ̀ fi bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wá ọ̀nà ìṣẹ́gun. Bí ẹni tí yóò gbá a ti fẹ́ ẹ ni yóò ṣe jù ú, bí kò bá sì tẹ́ onítọ̀hún lọ́rùn, ó lè kọ̀ ọ́ títí yóò fi rí èyí tó wù ú. Èkejì ni pé kò sí rẹfirí. Ẹni tó bá ṣì í gbá ni yóò fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Hogan ni ó gbé eré yìí wọ Katsina ní nǹkan bí ọdún 1928. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba amúnisìn ṣí níbẹ̀ ní ọdún 1922, èyí tí ó padà di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Barewa ní Zaria, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjòyè àti àwọn tí yóò di olùkọ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ láti ọdún 1926 sí 1931 ni Ahmadu Bello, ẹni tí ó di Sádáúnà Sókótó àti Olórí Ìjọba Àríwá. Fives kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó jáde. Ó ń gbá a nígbà tí ó di olóṣèlú, ó sì ń gbá a nígbà tí ó di olórí ìjọba. Ẹ wò ó bí nǹkan ti rí: ìrísí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ọmọ ọba Mùsùlùmí ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní àárín ilẹ̀ Haúsá, kò sì sí ẹni tí ó bínú sí i.

Èé ṣe tí kò fi tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa bí ó ti tàn lọ́dọ̀ wọn? Èrò tèmi ni pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa wà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò sì béèrè ògiri lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ògiri fives gba owó, ó sì gba ẹni tí yóò ní sùúrù láti kọ́ ìdẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ń wá ìtàn fives kiri ni mo kan àwọn ará Basque, tí mo sì gbàgbé ohun tí mo ń wá. Igun kan láàárín Spéìn àti Faransé ni ilẹ̀ wọn wà: ẹkùn méje, mẹ́rin lábẹ́ Spéìn, mẹ́ta lábẹ́ Faransé. Àwa tí ìwé àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní ọdún 1889 fi ààlà sí àárín àwa àti àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èdè wọn, Euskara, kò bá èdè kankan tan ní ayé tí a mọ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn, euskaldun, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tàbí ilẹ̀ rárá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹni tí ó ní èdè Euskara". Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Pilota ni wọ́n ń pe eré ògiri wọn. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán gbá ni esku pilota, nítorí esku ni ọwọ́. Awọ ni wọ́n fi ń bo bọ́ọ̀lù náà, ó wúwo ju 100 gíráàmù lọ, ó sì le bí òkúta. Ọwọ́ àwọn tí ń gbá a a máa wú kọjá sísọ. Àwọn kan ń lo pátákó, àwọn kan ń lo agbọ̀n gígùn tó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, tí wọ́n so mọ́ ọwọ́. Agbọ̀n yìí ni José Ramón Areitio fi ju bọ́ọ̀lù ní Newport, Amẹ́ríkà, ní ọdún 1979, tí wọ́n wọn eré rẹ̀ sí 302 kìlómítà ní wákàtí kan. Jai alai ni àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí, tí wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́ lé e lórí ní Miami. Bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ jai alai ní èdè Basque kò ju "ọdún aláyọ̀" lọ.

Pilota wà nínú Òlíńpíìkì ní Paris ní ọdún 1900. Amézola àti Villota láti Spéìn gba ipò kìíní láìgbá bọ́ọ̀lù kan, nítorí pé àwọn ará Faransé tí ó yẹ kí wọ́n bá wọn figagbága yọwọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1929. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní San Sebastián ní ọdún 1952, Ajẹntínà àti Mẹ́síkò, níbi tí àwọn ará Basque ti ṣí lọ, sì di òṣèré ńlá nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní San Sebastián yẹn, lórí ilẹ̀ Basque gan-an, kò sí ẹgbẹ́ òṣèré kankan tí ń jẹ́ Basque. Orúkọ Spéìn tàbí ti Faransé ni ọmọ Basque fi ń gbá eré àwọn baba rẹ̀. Ó gba òfin eré ìdárayá tí Spéìn ṣe ní ìparí ọdún 2022, àti ìpinnu ẹgbẹ́ àgbáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kí wọ́n tó gba àjọ Basque wọlé. Ní ọdún 2025 ni wọ́n wọ pápá ní orúkọ ara wọn, ní Gernika, ìlú tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì àti Ítálì sọ bọ́ǹbù lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1937. Spéìn sì wà lára àwọn tí wọ́n bá figagbága.

Mo ronú kan Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó jọba ní Ẹdẹ láti ọdún 1946 sí 1975. Kábíyèsí mọ ìlù lù, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe tí mo fi ń dúpẹ́ ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀: ní àwọn ọdún 1950 ó kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá, èwo ni ìyáàlù, èwo ni omele, iṣẹ́ wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1973, ti gba ayò wọlé, ó sì gba abula, níbi tí a ti ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù kọjá nẹ́ẹ̀tì. Ta ni yóò jókòó kọ òfin ẹkẹ, ní ohùn wa, bí Ainger ti kọ ti fives?

Mo gba ẹ̀yìn ilé-ìwé wa kọjá nígbà tí mo lọ sí Ẹdẹ kẹ́yìn. Wọ́n ti la fèrèsé mẹ́ta sára ògiri náà, wọ́n sì fi irin dí i.