Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́: Láti Tudun Wada dé Orí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ń ránṣẹ́ pe ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbájọ? Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni. Ohun èlò rẹ̀ kò sì ju ìwé orúkọ lọ. Ìtàn ìwé náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní ọdún 1912, tí ìjọba amúnisìn sì fi Kàdúná ṣe olú-ìlú Àríwá ní ọdún 1917, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá bá iṣẹ́ àti òwò dé ibẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀. Bàbá mi àgbà ni akọ̀wé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Tudun Wada. Bí ìpàdé bá yá, tàbí bí ẹnìkan bá papò dà, ọmọdé ni í gbé lẹ́tà kiri láti ilé dé ilé, onílé a sì fọwọ́ sí iwájú orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2000, rògbòdìyàn ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀. Àwọn kan kó lọ sí òdìkejì odò, àwọn mìíràn padà sí ìlú baba wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ tún fẹ́ pàdé, púpọ̀ nínú lẹ́tà ni ó padà sọ́wọ́ bàbá. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó fi ń wádìí ibi tí olúkúlùkù wà, kí ó tó tún ìwé náà kọ.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ímeèlì. Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET. Ní ọdún 1975, wọ́n dá MsgGroup sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí lẹ́tà kan ṣoṣo lè kárí gbogbo ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ ni Einar Stefferud kọ́kọ́ fi ń bójú tó o, gẹ́gẹ́ bíi bàbá mi àgbà. Ní ọdún 1986 ni Eric Thomas, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Paris, ṣe ètò LISTSERV, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi ń fi orúkọ kún ìwé, tí ó sì ń yọ ọ́. Lónìí, irú ọ̀nà yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Toyin Falola fi kó àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà jọ sínú USA-Africa Dialogue.

Ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀ nísinsin yìí: ẹ kó àdírẹ́sì jọ sábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ kan, orúkọ náà nìkan ni ẹ ó sì máa tẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí àdírẹ́sì olúkúlùkù hàn sí ẹlòmíràn, ààyè Bcc ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Bí àdírẹ́sì kan bá ti kú, lẹ́tà yóò padà wá sọ fún wa. Bí a bá gbàgbé orúkọ ẹnìkan pátápátá, kò sí ohun tí yóò padà. Ìpàdé yóò kọjá, òkú yóò wọlẹ̀, onítọ̀hún kò ní gbọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí a bá fi yín ṣe akọ̀wé, ẹ máa ka ìwé orúkọ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀.