Èèwọ̀ Ọtí Lọ́jọ́ Ọdún: Ohun Tí Ìtàn Fi Kọ́ Wa

   

Lẹ́yìn ọdún Ifá tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo dìde ní ìpàdé. Ó ní àwọn Mùsùlùmí ní òkè Ọya ní òfin tí ó de ọtí, àwọn Onígbàgbọ́ náà sì ti ní irú rẹ̀ rí ní ìlú òyìnbó. Ó ní kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ọtí àti búkà ẹlẹ́mu wà ní títì ní ọjọ́ ọdún wa, nítorí àwọn ọ̀mùtí ti ń sọ ojúbọ di ibi ariwo. Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà wá. Èsì tí a mú wá nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ nílé. Gbogbo awo ni ó mọ ìtàn Ọbàtálá. Olódùmarè rán an wá dá ilẹ̀ ayé. Ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì ṣe iṣẹ́ náà. A tún gbọ́ pé ẹmu yí i lọ́wọ́ nígbà tí ó ń mọ ènìyàn, tí a fi rí arọ, abuké àti àfín, àwọn tí a ń pè ní ẹni òrìṣà. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún Ọbàtálá àti fún àwọn tí ń bọ ọ́. Ẹ wo ibi tí èèwọ̀ náà dé, kí ẹ sì wo ibi tí kò dé. Ọbàtálá kò ní kí a gé ọ̀pẹ lulẹ̀. Kò ní kí adẹ́mu já igbà rẹ̀ sọnù. Ní ọjà kan náà tí olórìṣà aláṣọ funfun ń gbà kọjá ni a ti ń ra ẹmu tí a fi ń bọ Ògún. Ẹni tí ọtí ṣe ni ó fi èèwọ̀ kan ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Kò fi kan ilé aládùúgbò.

Ìtàn kejì kò jìnnà sí wa. Ìrè Èkìtì ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé Ògún padà dé sí Ìrè lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, pẹ̀lú ebi àti òùngbẹ. Ọjọ́ tí ó wọlé, àwọn ará ìlú wà nínú ètùtù kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó rí agbè ẹmu tí ó tò lọ bẹẹrẹ. Ó gbé èyí, ó ṣófo, ó gbé ìyẹn, ó ṣófo. Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín ni, ó bá yọ idà. Ìgbà tí ètùtù parí tí wọ́n sì ṣàlàyé fún un, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìkáàánú ni ó mú un wọlẹ̀ sí Ìrè, níbi tí a ti ń bọ ọ́ títí di òní. Ẹni tí ó wá ibi tí yóò ti mu ní ọjọ́ èèwọ̀ ni Ògún ní ọjọ́ náà. Ìlú kò ṣẹ̀, àlejò kò mọ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọn kò fi ẹnì kan sí ẹnubodè tí yóò pàdé àlejò kí ó tó wọlé. Èèwọ̀ tí a kò sọ fún ẹni tí ń bọ̀ a máa di ìjà.

Ìtàn kẹta jẹ́ ti Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé nígbà tí Olówò Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n fẹ́ Ọ̀ronṣẹn, obìnrin náà ka èèwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ ààfin: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀. Ọba gbà. Àwọn orogún mọ̀ọ́mọ̀ rú u, Ọ̀ronṣẹn sì bọ́ sígbó, a kò rí i mọ́. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń ṣe Ìgogo fún ọjọ́ 17. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí a kò lu ìlù, a kò dé fìlà, obìnrin kò sì wé gèlè. Àṣà àtayébáyé ni. Nígbà tí Ekpo Eyo wú ilẹ̀ Igbó Láàjà ní 1971, níbi tí a gbọ́ pé ọ̀já Ọ̀ronṣẹn bọ́ sí, àwọn ère amọ̀ tí ó rí níbẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn.

Kí ni ó mú èèwọ̀ Ìgogo dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ rẹ̀ níye. Ìdí rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọdé. Pabanbarì rẹ̀ ni pé bí a ti gba ìlù lọ́wọ́ ènìyàn ni a fi agogo lé e lọ́wọ́. Ayọ̀ ọdún kò dínkù, ohùn rẹ̀ ni ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òfin ìjọba. Ní 1890 àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels. Lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé, ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ọtí líle kò tíì wọ̀, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìdí mìíràn, a kò gbọdọ̀ kó o wọlé fún ọmọ ilẹ̀. Nígbà tí Lugard gba àkóso Àríwá Nàìjíríà ní 1900, òfin yìí ni ó mú lò níbẹ̀. Ní Gúúsù ńkọ́? Jíìnì ń wọlé ní èbúté, owó orí rẹ̀ sì lé ní ìdajì owó ibodè tí ìjọba ń rí kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà ní Gúúsù. Apá kan ilẹ̀ Àkókó, tí kò ju ìrìn ọjọ́ méjì lọ sí wa, wà lábẹ́ Kábà ní Àríwá títí di ẹ̀yìn ogun náà. Igo tí ó jẹ́ ọjà títà lọ́wọ́ ará Ọ̀wọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ àna rẹ̀ ní òkè ibodè. Òyìnbó tí ó ń gbé ní Àríwá kan náà lè gba àṣẹ kí ó mu tirẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ibi tí òfin bá ti yà ilé kan sọ́tọ̀, ìlẹ̀kùn ilé náà ni àwọn ọ̀mùtí yóò máa kàn.

Ní 1919 wọ́n tún fọwọ́ sí ìwé mìíràn ní Saint-Germain, nílẹ̀ Faransé, tí ó dá jíìnì olówó pọ́ọ́kú dúró káàkiri. Èyí tí ó kù wọ́n débi tí tálákà kò lè rà á. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi kọ́ bí a ti ń se ògùrọ̀ nínú àgbá títí yóò fi di ògógóró. Ìjọba fòfin dè é. Ibi ìsèǹkan wọ inú igbó àti etí omi, títí kan ìhà Òkìtìpupa àti Ìlàjẹ. Ibi ìmùtí wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn òmìnira ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú lílé ògógóró kiri.

Olúwo tí ó tọ́ wa gbé nínú àkókò yẹn. Ó sọ fún wa pé inú igo kẹrosíìnì ni òun ń fi ọtí ìbọ pamọ́ sí, lábẹ́ òkìtì iṣu. Bí ọjọ́ ọdún bá kò, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a yára ta ọtí sílẹ̀, wọn a nu ilẹ̀. Bí ọmọdé bá béèrè ohun tí ó ń rùn, wọn a ní oògùn ni. Ó ní ìbẹ̀rù ọlọ́pàá kọ́ ni ó dun òun. Ohun tí ó dun òun ni pé òun kọ́ ọmọ awo láti purọ́ níwájú Ẹlẹ́rìí Ìpín. A kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí a bẹ ọlọ́pàá lọ́wẹ̀ lónìí, ẹ rántí pé àwa ni wọ́n fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lé wọ inú ìyẹ̀wù lánàá.

Bí a bá wo òkè Ọya lónìí, Kánò bẹ̀rẹ̀ òfin Ṣàríà ní 2000. Ní oṣù kọkànlá 2013, àwọn Hisbah fọ́ igo bíà tí wọ́n kà sí nǹkan bí 240,000. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ mu mọ ọ̀nà Sábọ̀n Gàrí, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò, títí kan ọmọ Yorùbá, ń gbé; ó sì mọ ọ̀nà bárékè, níbi tí apá Hisbah kò dé. Àlejò tí kò búra òfin náà ni ó ń pàdánù ọjà rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ireland, òfin 1927 ti gbogbo ilé ọtí ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ tí àwọn Onígbàgbọ́ fi ń rántí ikú Jésù. Ó sì ti wọn ní ọjọ́ Patrick mímọ́, ẹni tí ó mú ẹ̀sìn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òfin náà fàyè gba ìpàtẹ ajá ní Dublin, tí ó ń bọ́ sí ọjọ́ Patrick. Ẹni tí kò sin ajá rí di olólùfẹ́ ajá ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn mìíràn a wọ ọkọ̀ ojú irin nítorí a ń ta ọtí nínú rẹ̀, àwọn tó kù a ra tiwọn ní àná. Ní 2018 ni wọ́n fagi lé ti Ọjọ́ Ẹtì Rere. Láàárín ọdún 90 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin náà kò sọ ọ̀mùtí kan di olùfọkànsìn.

Kí ẹ má rò pé ẹ̀sìn ẹlòmíràn nìkan ni èyí ń bá. Ní Akra, nílẹ̀ Gánà, àwọn Gá a máa dá ìlù dúró kí ọdún Homowo tó dé. Láti 1998, ìjà bẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìlú àti àwọn ìjọ tí ń lu ìlù ní àkókò náà. Wọ́n wọ ilé ìjọsìn, wọ́n fọ́ nǹkan, ènìyàn fara gbọgbẹ́. Èèwọ̀ tí a ti ń fi ọ̀wọ̀ pa mọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹjọ́.

Ní agbègbè tiwa, kò sí òfin tí ó ní kí a ti ilé ọtí nígbà ààwẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ń gbààwẹ̀ tí òùngbẹ bíà sì ń gbẹ, kì í mu ún ní àdúgbò rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Á wọkọ̀ lọ sí Ifọ́n. Kí ni ó ń sá fún? Ojú ń tì í sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìtìjú yẹn lágbára ju ọlọ́pàá lọ, ọ̀fẹ́ ni, kò sì fọ́ igo ẹnìkan.

A kò sọ pé ọmọ awo wa kò ní ẹ̀dùn. Òótọ́ ni pé ariwo pọ̀ ní ojúbọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé ọtí wọbẹ̀? Ẹni tí ó wá bọ Ifá ni ó ń gbé ṣínáàpù wá, àwa awo ni a sì ń mu ìyókù rẹ̀ lẹ́yìn tí Ifá bá ti gba tirẹ̀. Ilé ọtí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ tì wà nínú ọgbà tiwa.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ má kọ ìwé kankan sí ìjọba. Kí a ṣe bí àwọn baba wa ti ṣe. Kí a yan ìwọ̀n ọjọ́ tí àwa fúnra wa yóò fi èèwọ̀ ọtí kan ara wa nínú ọgbà ojúbọ, kí a sì kéde rẹ̀ ṣáájú, kí àlejò má bàá bá agbè òfìfo bí Ògún. Kí a dá ìlò ọtí mọ sí ìbọ nìkan: kí a ta á sílẹ̀, kí a fi kan ẹnu, kí a de igo. Kí a pèsè omi tútù, obì àti oúnjẹ fún ẹni tí a gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ní agogo dípò ìlù. Kí ẹlẹ́mu tí ń bẹ lẹ́yìn ọgbà máa ta ọjà rẹ̀ lọ. Òun kọ́ ni ó bá Ifá mulẹ̀.

Èèwọ̀ tí a fi ẹnu ara wa gbà ni a ń pa mọ́ nígbà tí ẹnìkan kò wo wá. Èyí tí a fi kan ẹlòmíràn ni ó ń la ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ̀ẹ́ kí a tún fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọ́ ọmọ wa.