Àjò kì í dùn kí okùn gìtá má relé

1/ Sunday kan báyìí, praise ń lọ ní pẹrẹu ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣàdédé ni okùn kan já lára gìtá ọmọkùnrin tó ń ta lead. Okùn márùn-ún ṣì kù, ẹ rò pé á fi wọ́n parí orin, àbí? Rárá o. Gbogbo márààrún ló yí ohùn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé gìtá sílẹ̀, ojú tì í. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kò mọ̀ ọ́n ta.

2/ Ẹ̀bi ẹ̀ kọ́ o. Irin kan báyìí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, irin yẹn sì ní ìtàn. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

3/ Bridge ni irin tó wà láyà gìtá, tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó lé. Lára àwọn gìtá kan, bridge yìí ń mì, ọ̀pá kékeré kan sì wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní whammy bar. Tẹ ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀, okùn á dẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Fà á sókè, okùn á le, ohùn á gòkè.

Àwa mọ eré yìí tipẹ́. Bí onídùndún ṣe ń fún ìlù mọ́ abẹ́ apá gan-an nìyẹn.

4/ Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé okùn mẹ́fà ni ti gìtá. Tẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀pá sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ géérégé. Tí ẹyọ kan bá ṣìnà díẹ̀ báyìí, gbogbo kọ́ọ̀dù ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lílọ kò ṣòro rárá. Ìpadàbọ̀ ni wàhálà. Gbogbo àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, ìpadàbọ̀ yẹn ni wọ́n ń bá jà.

5/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí Doc Kauffman, ará Amẹ́ríkà. Vibrola ni wọ́n ń pe tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì máa ń ti ọ̀pá ẹ̀. Rickenbacker lò ó láwọn ọdún 1930. Ní 1937, wọ́n tiẹ̀ ṣe gìtá kan tó jẹ́ pé mọ́tò iná ló ń mi okùn ẹ̀ fúnra ẹ̀! Ó wúwo débi pé wọ́n ní láti ṣe ohun tó máa gbé e dúró.

Ìmọ̀ràn náà dáa. Àmọ́ okùn kì í padà sílé dáadáa.

6/ Merle Travis, ìlúmọ̀ọ́ká onígìtá, ní Vibrola lára gìtá ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ti sú u. Ló bá gbé e lọ bá Paul Bigsby ní California. Oníṣẹ́ irin ni Bigsby, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó tún Vibrola yẹn ṣe, kò gbọ́. Bó ṣe jókòó nìyẹn tó ṣe tiẹ̀.

7/ Bí Bigsby ṣe ń ṣiṣẹ́: okùn rọ̀ mọ́ ọ̀pá róbótó kan tó ń yí. Sípíríǹgì kan ṣoṣo, tó nípọn, ló wà lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀ tó ń tì í padà sókè. Ó rọrùn, ó lẹ́wà, àmọ́ kò lè rìn jìnnà. Ẹ máa fi mi ohùn jẹ́jẹ́ ni, bíi omi tí atẹ́gùn fẹ́ lù. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣe é.

8/ Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Bigsby yìí kan náà ló ṣe pedal steel fún Speedy West ní 1948. Pedal steel náà, fífa okùn kó lè yí ohùn padà ni iṣẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n kàn fi ń tẹ̀ ẹ́. Ibo lẹ ti gbọ́ ọ rí? Nínú jùjú King Sunny Adé! Demọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á nínú ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ àwo Juju Music ti 1982. Ohùn tó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ lábẹ́ gángan yẹn, òun ni.

9/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà. Ẹ rántí Doc Kauffman? Ní 1945, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, tó ń tún rédíò ṣe, dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀. Kò pẹ́ tí Doc fi kúrò níbẹ̀. Leo Fender lorúkọ ọ̀rẹ́ yẹn. Leo kò mọ gìtá ta o! Ó kàn máa ń fetí sí àwọn tó ń ta á ni.

10/ Ní 1954, Leo gbé Stratocaster jáde. Bridge àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún un kò dún dáadáa, wọ́n dà á nù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wá jáde dà bí òṣùwọ̀n: okùn ń fà síwájú, sípíríǹgì tí wọ́n há sínú ihò lẹ́yìn gìtá ń fà sẹ́yìn. Okùn mẹ́fà lápapọ̀ lè fa nǹkan bíi kílò 45. Bí agbára méjèèjì bá dọ́gba, bridge á dúró jẹ́ẹ́.

11/ Wàyí o, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Leo kò wolé. Ó pe irin yìí ní tremolo. Tremolo, ohùn tó ń pariwo tó tún ń rọlẹ̀ ni. Èyí tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀, vibrato ni. Nígbà tó wá ṣe amp tó ń ṣe tremolo gangan, ó pe ìyẹn ní vibrato! Gbogbo ayé sì ti bá a ṣì í pè látìgbà yẹn. Èmi náà ń ṣì í pè.

12/ Ibi tó dùn mí nìyí. Ní 1958, Leo ṣe Jazzmaster, ó sì fi bọ́tìnì kékeré kan sára ẹ̀. Tí okùn kan bá já, ẹ ti bọ́tìnì yẹn, irin náà ò ní lè fà sẹ́yìn mọ́, àwọn okùn tó kù á sì dúró síbi tí wọ́n wà. Wàhálà ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ti ronú kàn án láti 1958! Àmọ́ ọ̀nà Stratocaster ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn tọ̀.

13/ Ìdí ni Jimi Hendrix. August 18, 1969, ní Woodstock, ó fi Stratocaster ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́. Ó ń tẹ ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀ títí ohùn fi ń já bọ́ bíi bọ́ǹbù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mi ohùn jẹ́jẹ́ mọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo fídíò Hendrix, ẹ máa rí i tó ń tún okùn ẹ̀ fà ṣáá. Irin náà kò lè gba gbogbo ìyà yẹn.

14/ Ibo gan-an ni okùn ti ń ṣìnà? Ibi méjì. Ọ̀kan ni nut, ibi tó gbà kọjá lọ́rùn gìtá, ó máa ń há síbẹ̀. Ìkejì ni ibi tó wé mọ́ lórí, ó máa ń dẹ̀ níbẹ̀. Onígìtá kan tó mọ iṣẹ́ góòlù àti fàdákà, Floyd Rose, rò ó pé: tí okùn kò bá lè yọ̀ rárá ńkọ́? Ó ṣe nut tó ń fi síkúrúù há okùn mọ́lẹ̀, ó tún há a mọ́lẹ̀ lórí bridge. Ó gba patent ẹ̀ ní 1979. Eddie Van Halen wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, bí ayé ṣe gbà á nìyẹn.

15/ Ẹ tẹ ohùn lọ sísàlẹ̀ odò, á padà sílé. Àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́. Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ okùn, ẹ máa wá kọ́kọ́rọ́ Allen. Òṣùwọ̀n yẹn ṣì wà níbẹ̀ náà: bí okùn kan bá já, sípíríǹgì á borí, á fa bridge sẹ́yìn, gbogbo okùn tó kù á le sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sunday yẹn nìyẹn.

16/ Àwọn àgbà onígìtá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Eric Clapton fi igi há bridge Stratocaster tiẹ̀, kó má lè mì rárá. Van Halen fúnra ẹ̀ jẹ́ kí tiẹ̀ sùn lé ara gìtá, kó lè lọ sílẹ̀ nìkan, kó má lè fà sẹ́yìn.

17/ Nítorí náà, kò sí èyí tó dáa jù. Bigsby fún ẹni tó fẹ́ mì ín díẹ̀. Ti Stratocaster fún ẹni tó fẹ́ àárín. Floyd Rose fún ẹni tó fẹ́ já bọ́ látòkè. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ìbéèrè kan péré ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á: "Tí okùn kan bá já láàárín orin, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sáwọn tó kù?"

18/ Ọmọkùnrin wa ṣì ń ta gìtá yẹn o. Ó ti fi pákó kékeré há bridge ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Okùn já lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi márùn-ún parí orin, kò sẹ́ni tó mọ̀.