Pátákó Iwájú Awakọ̀: Ìtàn Igi Nínú Ilé Irin

Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dáyé, ẹṣin ni àwọn òyìnbó fi ń fa kẹ̀kẹ́ wọn, ẹṣin kò sì mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù: nígbà tí ó bá ń sáré lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ta sẹ́yìn, aṣọ ẹni tí ó jókòó síwájú kẹ̀kẹ́ ni yóò bà sí, ìbáà jẹ́ aṣọ ìyàwó, ìbáà jẹ́ aṣọ adájọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin fi gbé pátákó tàbí awọ líle kan nàró níwájú ẹsẹ̀ ẹni tí ń da ẹṣin. A-fàyà-gba-ẹrẹ̀, a-fàyà-gba-òkúta, pátákó yìí tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò lẹ́ẹ̀mejì ni baba ńlá dáṣíbọọ̀dù tí à ń rí nínú ọkọ̀ lónìí, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ igi ni ó sì ti gba oyè tí ó jẹ.

Nígbà tí Karl Benz gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1886, ẹṣin bọ́ nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n pátákó kò bá ẹṣin lọ. Oldsmobile kan wà tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1901 sí 1907, abẹ́ ìjókòó ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, kò sí ẹṣin kankan níwájú rẹ̀, síbẹ̀ pátákó iwájú rẹ̀ ká sókè gẹ́gẹ́ bí ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Àwọn Faransé, Panhard àti Levassor, ti gbé ẹ̀rọ lọ síwájú ọkọ̀ ní 1891, nígbà tí àṣà yìí sì tàn kálẹ̀, pátákó di ògiri tí ó pààlà sáàárín ooru ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ ènìyàn. Ní 1902 ni Otto Schulze gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí aago tí ń sọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. Aago náà ń wá ibi tí ojú awakọ̀ yóò ti tètè rí i, ibo ni ó sì kù bí kò ṣe ara pátákó? Ní 1912 Cadillac gbé ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń jí ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, àwọn awakọ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ irin tí à ń fi ọwọ́ yí níwájú ọkọ̀, èyí tí ó ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lápá. Láti ìgbà náà ni géèjì, bọ́tìnnì àti wáyà ti ń rọ́ wá síbẹ̀.

Ògún lákáayé ni ó ni irin, kò sí ẹni tí yóò bá a du ú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ogun àgbáyé kejì tó dé, ẹni tí ó bá ra Rolls-Royce, ẹ̀rọ àti egungun ọkọ̀ lásán ni yóò rà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò kọ́ ilé lé e lórí. Àwọn bíi Hooper àti Barker ní London, tí wọ́n ti ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún àwọn ọlọ́lá láti ọjọ́ pípẹ́, ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́, igi ni wọ́n sì mọ̀. Bí igi ṣe wọ ilé irin nìyẹn.

Igi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni walnut. Kì í ṣe awùsá tiwa o, tí í ṣe ìtàkùn tí ń gun igi ẹlòmíràn. Igi ńlá tí ń dá dúró ni tiwọn. Kókó tí ó wú lára rẹ̀, tí aláìmọ̀kan yóò pè ní àrùn, ni olówó iyebíye, nítorí inú kókó náà ni ọnà igi ti ń lọ́, tí ó ń pàdé ara rẹ̀, tí ó tún ń pínyà, tí àwọ̀ pupa, dúdú àti wúrà sì ń dàpọ̀ lọ́nà tí afọ̀dàkunlé kankan kò lè ṣe àfarawé rẹ̀. Wọn kì í lo odindi rẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ré e, tí abala kan kì í tó ìwọ̀n mìlímítà kan ní nínípọn, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi mìíràn tí kò lẹ́wà tó o ṣùgbọ́n tí kò ní tẹ̀. Abala méjì tí ó bá tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n máa ń ṣí bí ẹni ṣí ìwé, kí ọnà apá ọ̀tún lè jẹ́ òjìji ti apá òsì. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣe sínú ọkọ̀.

William Lyons, olùdásílẹ̀ Jaguar, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Blackpool ní 1922, tí ó sì kó lọ sí Coventry ní 1928, ni ó mú ọ̀ṣọ́ yìí dé ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe ọlọ́lá jù lọ. Jaguar Mark 2 rẹ̀, tí ó jáde ní 1959, kún fún walnut láti iwájú awakọ̀ dé etí fèrèsé.

Ìyà kan ń bẹ nínú ẹwà yìí. Fáníìṣì ni ó ń dáàbò bo igi, fáníìṣì náà ni ó sì kọ́kọ́ ń kú. Oòrùn tí ń gba inú gíláàsì wọlé ń gbẹ ẹ́ títí yóò fi le gbagidi. Igi ní tirẹ̀ kò yé fẹ̀ nígbà ọ̀rinrin, kò sì yé súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú ìlù àti ilẹ̀kùn rí nílẹ̀ wa kò ní béèrè ìdí tí fáníìṣì náà fi ń sán yẹ́ẹ́yẹ̀ẹ́.

Òfin tún dé. Ní 1965 Ralph Nader kọ ìwé tí ó fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà pé wọn kò ka ẹ̀mí ènìyàn sí. Ní 1966 ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ààbò, nígbà tí ó sì di 1968, ohun tí orí ènìyàn lè gbá nígbà ìjàǹbá gbọ́dọ̀ rọ̀. Ọkọ̀ MGB tí àwọn ará Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà gba dáṣíbọọ̀dù tìmùtìmù ní ọdún náà. Èmi kò lè bá òfin náà wíjọ́, nítorí ẹ̀mí ju igi lọ; ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ike ti ń gba ipò igi nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun, àwọn tí ń tún ti àtijọ́ ṣe ni ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Orí bátìrì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn a tú u kí iná má baà ta. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ: lẹ́yìn pátákó tí ó ń dán gbinrin yẹn ni wáyà ti dì mọ́ra bí ó ti wù ú, àgbà rìwáyà kì í sì í fọwọ́ kan ọ̀kan kí ó má so àmì mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni nọ́ọ̀tì tí ó di géèjì mú wà, ìka ni wọ́n fi ń tú u, ìka náà a sì máa bó. Nígbà tí pátákó bá jáde, wọn a fi oògùn mú fáníìṣì àtijọ́ rọ̀, wọn a sì rọra ha á kúrò, nítorí sáńpépà tí ó bá gba ibì kan kọjá ààlà yóò la abala igi já, a ó sì rí igi abẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ibi tí ó bá ti ṣí, wọn a lẹ̀ ẹ́ padà. Ibi tí ó bá ti já, wọn a wá èérún walnut tí ọnà rẹ̀ bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni fáníìṣì tuntun, ìpele lórí ìpele, tí wọ́n ń fi sáńpépà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yún láàárín, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ó gbẹ dénú kí wọ́n tó dán an.

Àwọn kan wà tí yóò ní kí a kúkú ju ògbólógbòó nù, kí a ra tuntun. Mo lòdì sí i. Ara kókó kan náà ni wọ́n ti sábà máa ń ré gbogbo igi inú ọkọ̀ ọlọ́lá kan, Rolls-Royce tilẹ̀ máa ń tọ́jú abala díẹ̀ nínú igi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí èyí tí ó bá a mu bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Pátákó tuntun kò ní ìbátan nínú ọkọ̀ náà. Nítorí náà ni oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, bí a bá gbé pátákó kan ṣoṣo wá fún un, fi máa ń ní kí a lọ tú ti ẹnu ilẹ̀kùn náà wá, kí òun lè fi fáníìṣì kan náà kùn wọ́n pọ̀.