Ìwé Ìròyìn Kékeré Láti Ìlú Győr

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1894 ni ìwé ìròyìn kékeré kan jáde ní ìlú Győr, ní ilẹ̀ Họ́ńgárì. Ìlú náà wà ní ojú ọ̀nà tí ó lọ láti Budapest sí Vienna. Ẹni tí ó dá ìwé náà sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjòyè ìjọba. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ girama ni. Dániel Arany ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè ìṣirò ni ó kún inú ìwé náà bámúbámú. Orúkọ tí ó fún un, Középiskolai Matematikai Lapok, kò ju "Ìwé Ìṣirò Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama" lọ ní èdè Yorùbá. Ta ni yóò fi owó ra irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ó tọ́ kí ènìyàn béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n rà á.

Ohun tí Arany ń wá ni pé kí àpẹẹrẹ àti ìbéèrè tí ó gbámúṣé wà ní ọwọ́ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Bí ètò náà ti rí nìyí. Lóṣooṣù ni ìbéèrè tuntun ń jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wù yóò jókòó tì í nílé. Kò sí aago tí ń lé e, kò sí olùkọ́ tí ó dúró tì í pẹ̀lú pàṣán. Bí ó bá rí ojútùú rẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn olóòtú yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò yan èyí tí ó dán mọ́rán jù lọ, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń tẹ àwòrán àwọn tí ó ta yọ pẹ̀lú. Ẹ rò ó wò: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní ìlú kékeré kan, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ìṣirò, yóò ṣí ìwé, yóò rí orúkọ ara rẹ̀, yóò sì rí orúkọ ọmọ mìíràn ní òdìkejì ilẹ̀ náà tí ó gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí tirẹ̀ yanjú ìbéèrè kan náà. Báyìí ni àwọn tí kò tí ì fojú kan ara wọn rí ṣe di ojúlùmọ̀.

Ní ọdún 1894 kan náà ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Loránd Eötvös, onímọ̀ físíìsì tí òkìkí rẹ̀ kàn, jẹ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò àti físíìsì sì dá ìdíje kan sílẹ̀ láti fi yẹ́ ẹ sí. Àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó wà fún. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni, wọ́n sì gbà kí olùdíje gbé ìwé rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá rò pé èyí mú un rọrùn kò tí ì rí irú ìbéèrè náà. Kò sí ìwé tí ènìyàn lè ṣí tí yóò bá ìdáhùn nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè ọdún àkọ́kọ́ yẹ ní títú wò. Ẹ mú nọ́ńbà odidi méjì. Kí orúkọ ìkíní jẹ́ x, kí ti èkejì jẹ́ y. Ẹ ṣírò 2x + 3y, kí ẹ sì tún ṣírò 9x + 5y. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ fi hàn pé bí 17 bá pín ọ̀kan nínú méjèèjì láìṣẹ́kù, dandan ni kí ó pín èkejì náà. Bí x bá jẹ́ 7 tí y sì jẹ́ 1, ìkíní yóò jẹ́ 17, èkejì yóò jẹ́ 68, èyí tí í ṣe ìlọ́po mẹ́rin 17. Bí x bá jẹ́ 4 tí y sì jẹ́ 3, 17 àti 51 ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹ̀rí, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ọmọ tí ó ti há fọ́múlà sórí yóò máa wá fọ́múlà kiri. Ọmọ tí ó bá fara balẹ̀ ronú yóò sọ ìkíní di ìlọ́po mẹ́rin, yóò rí 8x + 12y. Yóò rò ó pọ̀ mọ́ èkejì, yóò sì bá 17x + 17y. Àròpọ̀ náà di ti 17 pátápátá! Nítorí náà, bí 17 bá pín apá kan, kò sí ibi tí apá kejì lè sá sí. (Ìlọ́po mẹ́rin náà kò lè dí i lọ́wọ́, nítorí pé kò sí nọ́ńbà tí ó pín 4 àti 17 pọ̀ bí kò ṣe 1.) Ọmọ Yorùbá tí ń pe nọ́ńbà yìí ní ẹ̀tàdínlógún ti mọ̀ láti èwe pé láti orí ogún ni wọ́n ti ń padà sẹ́yìn dé ibẹ̀; kí ènìyàn gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé ibi tí ó ń lọ kò ṣàjèjì sí i.

Àwọn tí ó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje yìí di ènìyàn ńlá. Lipót Fejér gba ẹ̀bùn kejì ní 1897. Theodore von Kármán, tí ó di ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ọkọ̀ òfurufú, gba ẹ̀bùn ní 1898. Dénes Kőnig gbà á ní 1902, Alfréd Haar ní 1903, Gábor Szegő ní 1912. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí sọ pé ìdíje ni òṣùwọ̀n ọpọlọ. Ìtàn fi yé ni pé George Pólya jókòó fún ìdíje náà, kò sì fi ìwé ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Pólya yìí ni ó wá kọ ìwé How to Solve It ní 1945, tí ó sì kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ti ń yanjú ìbéèrè!

Ní 1896 ni László Rátz gba iṣẹ́ olóòtú lọ́wọ́ Arany, ó sì ṣe é títí di 1914. Tíṣà ni òun náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Luther ní Budapest. Nígbà tí ọmọ kan tí ń jẹ́ John von Neumann wọ kíláàsì rẹ̀, kò pẹ́ tí Rátz fi mọ̀ pé ohun tí òun ní láti kọ́ ọmọ náà kò tó. Kò bínú, kò jowú, kò sì fi ìyẹn pamọ́. Ó bá àwọn ará ilé ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó sì ṣètò kí àwọn tí ó wà ní yunifásítì máa kọ́ ọ. Szegő wà lára wọn. Eugene Wigner pẹ̀lú wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963, àwòrán Rátz sì wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ogun àgbáyé kìn-ín-ní dá ìwé ìròyìn náà dúró. Láti 1919 sí 1921, ìdíje pàápàá kò wáyé. Andor Faragó ni ó jí ìwé náà dìde ní 1925, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Họ́ńgárì ti yí padà. Ní 1920 wọ́n ti ṣe òfin tí ó dín iye àwọn ọmọ Júù tí ó lè wọ yunifásítì kù. Ohun tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe bí ọmọ náà ti mọ̀wé tó mọ́. Ọmọ ta ni, ni wọ́n ń béèrè. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìbéèrè ìṣirò di nǹkan mìíràn. Paul Erdős, tí àwòrán rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn náà, borí nínú ìdánwò gbogbogbòò kan, èyí sì ni ó ṣílẹ̀kùn yunifásítì fún un ní 1930. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí ó pé kì í ṣe ọ̀ràn iyì lásán.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn nínú ìwé ìròyìn yìí wá ń pàdé ní ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Budapest, nídìí ère tí wọ́n ń pè ní Anonymus. Erdős wà níbẹ̀. Pál Turán wà níbẹ̀. George Szekeres, tí ó kọ́ iṣẹ́ kẹ́mísírì, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Esther Klein, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìgbà òtútù 1932 sí 1933 ni Klein gbé ìbéèrè kan kalẹ̀. Ẹ kan ìṣó márùn-ún mọ́ pákó, kí mẹ́ta má ṣe wà lórí ìlà gbọọrọ kan. Klein ní dandan ni kí ènìyàn rí mẹ́rin nínú wọn tí yóò di onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ kankan kò kó sínú. Ẹ fi okùn yí gbogbo ìṣó náà ká, kí ẹ fà á le. Bí okùn bá kan ìṣó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀ràn ti tán. Bí ó bá kan mẹ́ta péré, méjì wà nínú. Ẹ fa ìlà gba ara méjì inú yìí kọjá: méjì nínú mẹ́ta ìta yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, àwọn wọ̀nyí àti méjì inú ni onígun mẹ́rin tí wọ́n ń wá.

Ó wá béèrè pé, bí ó bá jẹ́ onígun márùn-ún ńkọ́, tàbí mẹ́fà? Ìṣó mélòó ni yóò tó? Szekeres jókòó tì í tọ̀sán-tòru. Òun fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ lẹ́yìn ọ̀la pé nítorí ẹni tí ó béèrè ni òun fi fẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn dáhùn. Òun àti Erdős tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1935. Ní 1937, Szekeres gbé Klein níyàwó. Erdős sì sọ ìbéèrè náà ní Ìbéèrè Alópin-Ayọ̀.

Nígbà tí ìnira àwọn Júù ń le sí i, tọkọtaya náà sá lọ sí Shanghai. Ní 1948 wọ́n kó lọ sí Ọsirélíà. Von Kármán, Szegő, von Neumann àti Wigner ti wà ní Amẹ́ríkà. Dénes Kőnig kò kúrò ní Budapest. Ní oṣù kẹwàá 1944, nígbà tí àwọn ọ̀tá Júù gba ìjọba ní ìlú náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àádọ́ta ọdún géérégé ni ìdíje tí ó ti gba ẹ̀bùn rí pé ní ọdún náà. Wọn kò ṣe é.

Lẹ́yìn ogun, ìwé ìròyìn náà tún jáde ní 1947, ìdíje náà sì ń jẹ́ orúkọ József Kürschák láti 1949. Ní 1946, Pólya àti Szegő ti gbin irú rẹ̀ sí Yunifásítì Stanford fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní 1959, orílẹ̀-èdè méje péjọ sí Rùmáníà fún ìdíje ìṣirò àgbáyé àkọ́kọ́. Họ́ńgárì wà lára wọn.

Ní Ọsirélíà, Esther Klein kò yé fi ìbéèrè lé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ kú ní ìlú Adelaide ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2005, láàrin wákàtí kan síra wọn. Ní 2006 ni iṣẹ́ kan tí Szekeres àti Lindsay Peters fi kọ̀ǹpútà ṣe jáde, tí ó fi hàn pé fún onígun mẹ́fà, iye ìṣó tí ó tó ni 17. Ẹ̀tàdínlógún náà tún yọjú! Fún onígun méje, Erdős àti Szekeres gbà pé 33 ni yóò jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tí ì rí ẹ̀rí rẹ̀.