Yíyọ Olórí Tí Ìbò Gbé Wọlé: Ohun Tí Òfin Nàìjíríà Fàyè Gbà, Láti Kàdúná Dé Ìbàdàn

Ìwé òfin Nàìjíríà tó gbé agbára lé Ààrẹ lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rin náà ló sọ bí wọ́n ṣe lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọdún mẹ́rin ọ̀hún tó pé, nítorí náà kò sí iyèméjì pé yíyọ Ààrẹ nípò lè bófin mu. Ibi tí awuyewuye ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni iye àwọn tó yọ ọ́, ibi tí wọ́n jókòó sí, àti bóyá wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò tíì yọ Ààrẹ kankan rí, ṣùgbọ́n abala 188 ìwé òfin ọdún 1999, tó dá lórí gómìnà, fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí abala 143, tó dá lórí Ààrẹ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ẹjọ́ àwọn gómìnà ni ìtumọ̀ òfin náà ti hàn kedere.

Kí òyìnbó tó dé ni ilẹ̀ Yorùbá ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ olórí. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn Ọ̀yọ́mèsì, ìyẹn àwọn ìjòyè méje tó ń fi ọba jẹ, tí Baṣọ̀run sì jẹ́ olórí wọn, ló lágbára láti kọ Aláàfin tí ìṣàkóso rẹ̀ bá ti sú ìlú. Wọ́n á fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, ọba tó bá sì ti ṣígbá wò mọ̀ pé ikú ló kù. Síbẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1754 sí 1774, Baṣọ̀run Gáà sọ agbára yìí di ohun ìjà tirẹ̀, ó fi ń rán ọba kan tẹ̀ lé òmíràn lọ sọ́run, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ìbéèrè tí ìtàn Gáà fi sílẹ̀ ni ta ni yóò máa ṣọ́ ẹni tó lágbára láti yọ olórí.

Ìwé òfin ọdún 1979, tó mú ètò ìjọba Ààrẹ wọ Nàìjíríà, fi agbára náà sọ́wọ́ àwọn aṣòfin, ó sì fi kún un pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ ohun tí wọ́n bá ṣe lórí rẹ̀ wò. Alhaji Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP, gómìnà Kàdúná, ni àkọ́kọ́ tó fara gbá a. Ẹgbẹ́ NPN ló pọ̀ jù nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, wọn kò fọwọ́ sí orúkọ àwọn tó fẹ́ fi ṣe kọmíṣọ́nnà, nígbà tó sì di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1981, wọ́n yọ ọ́. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní gbólóhùn inú ìwé òfin yẹn kò jẹ́ kí àwọn lè dá sí i, àwọn aṣòfin tó fẹ̀sùn kàn án sì wá di adájọ́ ìkẹyìn.

Ìwé òfin ọdún 1999 kò yọ gbólóhùn náà kúrò. Ìlànà tó là sílẹ̀ ni pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn tó ka ìwà àìtọ́ tó burú jáì sí Ààrẹ lọ́rùn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ gbà pé kí ìwádìí wáyé. Lẹ́yìn èyí ni Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yóò yan ẹni méje tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, aṣòfin tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, iwájú wọn ni Ààrẹ yóò ti wí tẹnu rẹ̀ tàbí kó gba lọ́yà. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn náà kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀; bó bá fìdí múlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí àbọ̀ wọn kí Ààrẹ tó kúrò.

Ìbàdàn ni wọ́n ti dán ìlànà yìí wò jù lọ. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Rashidi Ladọja, gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà náà, tó gorí àpèrè Olúbàdàn lọ́dún 2025, àti Olóyè Lamidi Adédibú, baba ìsàlẹ̀ nínú òṣèlú Ìbàdàn, kò gbọ́ra wọn yé mọ́, ilé aṣòfin tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 32 pín sí méjì. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2005, àwọn 18 nínú wọn jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ring Road, láìsí abẹnugan wọn, Adeolu Adélékè, níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀sùn jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2006, wọ́n kéde pé àwọn ti yọ gómìnà, igbákejì rẹ̀, Christopher Àlàó-Akálá, sì bọ́ sípò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kò lè dín sí 22.

Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìyọnípò náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2006, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí ìdájọ́ yìí ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá. Nínú ìdájọ́ tí Adájọ́ Niki Tobi kọ, ilé ẹjọ́ ní gbólóhùn tó ní kí wọ́n má dá sí i ń dáàbò bo kìkì ìyọnípò tó bá tẹ̀ lé gbogbo ìgbésẹ̀ tó ṣáájú gbólóhùn náà; èyí tí kò bá tẹ̀ lé e kò ní ààbò kankan. Bí ilé ẹjọ́ ṣe kúrò lórí ohun tó sọ nípa Kàdúná nìyẹn, ìlànà kan náà ló sì dá Joshua Dariye padà sípò ní Plateau àti Peter Obi ní Anambra lọ́dún 2007.

Síbẹ̀, ìwé òfin ṣì sọ pé ohun tí aṣòfin bá kà sí ìwà àìtọ́ tó burú jáì náà ni, tó fi jẹ́ pé ìgbésẹ̀ ni adájọ́ lè ṣọ́, kò lè ṣọ́ ọkàn ẹni tó ń gbé e. Àtúnṣe ilé ẹjọ́ pàápàá ní ààlà: Ladọja padà sípò ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi oṣù mọ́kànlá tó pàdánù kún sáà òun, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀, nítorí ọdún mẹ́rin tí ìwé òfin fún gómìnà kò ní èènì. Ẹni tí wọ́n bá yọ lọ́nà àìtọ́ lè gba ipò padà, ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò fún un kò lè rí ìgbà tó ti lọ gbà.