Ọdún Tí A Kò Kọ Sára Àwo

Bí ènìyàn bá mú àwo orin blues àtijọ́ lọ́wọ́, yóò rí orúkọ akọrin, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà lára bébà róbótó tí ó wà láàárín rẹ̀. Kò ní rí ọdún. Láti ìgbà tí ọjà “Crazy Blues”, tí Mamie Smith kọ ní 1920, ti yá gidigidi ni àwọn oníṣòwò ti ń ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Títà ni ó jẹ wọ́n lógún, kì í ṣe ìtàn.

Lónìí, ilé-ẹjọ́ lè béèrè ọdún náà. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2018, àwo tí ó bá jáde láàárín 1923 sí 1946 yóò wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ó ni ín fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó di ti gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ tí àwo dé ọjà ni òfin ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí akọrin dúró níwájú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ìwé atọ́ka tí John Godrich àti Robert Dixon ṣe, èyí tí àwọn olùwádìí gbára lé (Dixon yìí kan náà ni onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ó ṣiṣẹ́ lórí èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia), ọjọ́ tí a gba ohùn sílẹ̀ ni ó tò. Àwọn mìíràn sì ń dà á kọ bí ọjọ́ tí àwo jáde.

Ti Paramount ni ó le jù. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àga ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni ó ni ín. Ó ṣíwọ́ gbígba orin sílẹ̀ ní 1932, ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ sì ti ṣègbé. Nọ́ńbà méjì ni ó kù: èyí tí a fín sára àwo fúnra rẹ̀ ń fi hàn bí a ti ṣe gba orin tẹ̀lé ara wọn, èyí tí a tẹ̀ sára bébà sì ń fi hàn, dé ìwọ̀n kan, bí àwo ti ṣe jáde tẹ̀lé ara wọn. Kò sí èyí tí ó dárúkọ oṣù nínú méjèèjì. Ìpolówó ọjà inú Chicago Defender, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ni ó ń so nọ́ńbà mọ́ ọjọ́.

Ẹ wo Charley Patton. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1929, ó kọ orin mẹ́rìnlá sílẹ̀ ní ìlú Richmond, ní Indiana. Paramount gbé méjì nínú wọn jáde láìdárúkọ rẹ̀. “The Masked Marvel” ni wọ́n pe akọrin náà, wọ́n sì ní kí ẹni tí ó bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kọ̀wé wá gba àwo kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni ìdíje náà parí, nítorí náà àwo ọ̀hún ti wà lọ́jà ṣáájú ìgbà náà. Ọgbọ́n à-ń-tajà lásán ni, ṣùgbọ́n òun ni ó wá di ẹ̀rí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1936, Robert Johnson kọrin sílẹ̀ ní San Antonio, ní Texas. “Terraplane Blues” jáde ní 1937. Yóò di ti gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2038. “If I Had Possession Over Judgment Day”, tí ó kọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kò jáde títí di 1961, ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin kan náà dè é mọ́lẹ̀ di oṣù Kejì ọdún 2067.